Bí HMO ṣe bá wa san owó ẹsẹ̀ àtọwọ́dá

Àtọ̀gbẹ ló gba ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ mi, nísàlẹ̀ orúnkún. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, Kubwa l'Ábújá la ń gbé, abẹ́ orúkọ mi sì lòun àtàwọn ọmọ wà nínú ètò adójútòfò ìlera.

Nígbà tí ojú egbò ti jinná, mo pe HMO wa, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá wa san owó ìtọ́jú lábẹ́ ètò náà. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ má bínú mà, a kì í sanwó ẹsẹ̀ àtọwọ́dá." Ẹ ò bá gbọ́ bó ṣe dá a lójú tó! Mi ò bá a jiyàn. Mo wá ìwé ìlànà ètò náà jáde, láti ìgbà tó ṣì ń jẹ́ NHIS, kí òfin ọdún 2022 tó sọ ọ́ di NHIA. Ó wà níbẹ̀ gbangba: wọ́n ń san ti ẹsẹ̀ àti apá àtọwọ́dá, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Mo tẹ ojú ewé yẹn, mo fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn náà.

Ọsibítù tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Dókítà ibẹ̀ á kọ lẹ́tà sí ọsibítù ńlá, HMO á sì fún yín ní kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n ti gbà láti sanwó. Láìsí kóòdù, àpò yín lẹ ó ti san án.

Ìwé owó ẹsẹ̀ náà ló fẹ́ dá wa dúró. Iye kan ṣoṣo gbàǹgbà ni wọ́n kọ síbẹ̀, HMO sì dá a padà, wọ́n ní ọjà òkè òkun ni. Mo bẹ Málàmù tó ń ṣe ẹsẹ̀ náà pé kó tú u palẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti irin àárín nìkan ló ti òkè òkun wá. Ibi tí kùkùté ẹsẹ̀ ń wọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Bí HMO ṣe san ti èyí tí wọ́n ṣe níbí nìyẹn, a fi owó ara wa san ìyókù.

Iṣẹ́ Málàmù yẹn dára. Ó fi pẹ́ńsù aláwọ̀ àlùkò sàmì yí gbogbo ibi tí egungun ti yọ ká, ó wá fi bándéèjì POP, ìyẹn ti ẹfun tó máa ń le, tó ti rẹ sómi wé kùkùté náà láti gba ìrísí rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ abẹ́ orúnkún títí ó fi le. Nígbà tó bọ́ ọ, gbogbo àmì yẹn ti lẹ̀ mọ́ inú POP. Ohun tó fi mọ ibi tí kò gbọdọ̀ há nìyẹn.

Kùkùté ẹsẹ̀ ṣì máa ń joro lẹ́yìn ìgbà náà. Bẹ́sẹ̀ àtọwọ́dá náà bá ti ń mì, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ kan kún èyí tó wà lára kùkùté. Bí ìyẹn ò bá tó mọ́, ẹ padà lọ bá ẹni tó ṣe é. HMO ò bá wa san ti ìbọ̀sẹ̀ o. Ẹ ra bíi mélòó kan, torí pé nínú ooru oṣù kẹta l'Ábújá, ojoojúmọ́ lẹ máa fọ̀ ọ́.