Bí ẹran igbó bá ba oko jẹ́ ní Ẹ̀pẹ́: bí a ṣe ń dá a dúró àti bí a ṣe ń gba owó gbà-má-bínú

Ní òwúrọ̀ tí àgbẹ̀ bá dé oko rẹ̀ lẹ́yìn Ejìnrìn, tí ó bá ẹ̀gẹ́ tó ti ń tọ́jú fún oṣù 8 ní gígé lulẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń yá sí ni kí ó palẹ̀ mọ́, kí ó sì dẹ pańpẹ́. Mo bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó ní sùúrù ná, nítorí pé ohun tó wà nílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ̀rí tí yóò fi mọ ẹran tó ṣọṣẹ́, òun kan náà ni yóò sì fi béèrè owó gbà-má-bínú.

Ọ̀yà ni ó ń fìyà jẹ àgbẹ̀ jù. Òru ni ó ń jẹun, ó sì máa ń gé igi ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo níbi tó súnmọ́ ilẹ̀, tí ojú ibi tó gé yóò dagẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí a fi àdá mímú ṣe é. Ẹ óò rí ojú ọ̀nà tóóró tí ó là sínú eèsún, pẹ̀lú ìgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí ìlà kan là láàárín. Òkété ní tirẹ̀ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé: yóò hú ilẹ̀, yóò jẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, yóò sì kó àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ sínú ihò. Ọ̀sán ni ti ọ̀bọ, agbo ni wọ́n sì ń kó wá. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọgbà tó ń dá ọ̀yà dúró kò lè dá ọ̀bọ dúró.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi fóònù ya àwòrán, láti òkèèrè kí oko hàn, àti láti tòsí kí ojú eyín hàn. Kí a wọn ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 10, tó sì gùn ní mítà 10, ní ibi 4 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má sì jẹ́ ibi tó bàjẹ́ jù nìkan. Ẹ̀gẹ́ tí a gbìn ní mítà kan síra wọn yóò tó nǹkan bí igi 100 níbẹ̀. Bí 35 bá ti lọ, ìdá 35 nínú 100 ni òfò náà. Kí a ro iye ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí a fi 4 pín in. Ìṣirò yìí ló ń mú kí a gba ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ gbọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó lè sanwó lórí “wọ́n ti jẹ oko mi tán.”

Ọ̀yà kì í fẹ́ la gbangba kọjá. Kí a ro etí oko yíká ní ìwọ̀n mítà 3 sí 5, kí a sì máa tún un ro títí di ìgbà ìkórè. Ẹni tó bá lágbára lè fi àlòkù páànù ṣe ọgbà tó ga tó mítà kan, kí ó ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Níbi tí oko bá ti pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a fi ọ̀wẹ̀ ṣe ọgbà kan ṣoṣo yí gbogbo wọn ká, nítorí pé ẹni tó dá ọgbà tirẹ̀ ṣe ń lé ọ̀yà lọ sí oko aládùúgbò rẹ̀ ni. Pańpẹ́ lẹ́nu ihò ni ti òkété. Ti ọ̀bọ, ènìyàn ni yóò máa ṣọ́ oko.

Májèlé ni mo kọ̀ pátápátá. Ẹran tó jẹ májèlé lè má kú lójú ẹsẹ̀. Ọdẹ lè yìn ín níbọn lọ́jọ́ kejì, kí ó dé ọjà Olúwo, kí ìyá kan sì sè é fún ọmọ rẹ̀. Òjò sì lè gbá èyí tó ṣẹ́kù lọ sínú ọ̀sà tí a ti ń pẹja. Bí akika bá kó sí pańpẹ́, kí a tú u sílẹ̀: èèrà àti ikán ni ó ń jẹ, kì í ṣe irè oko, òfin ìjọba àpapọ̀ sì dáàbò bò ó.

Kò sí ẹni tó ni ẹran igbó tí a lè pè lẹ́jọ́ bí ẹni tí màlúù rẹ̀ jẹ oko. Nítorí náà, kí a tó gbìn ni ètò owó gbà-má-bínú ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ adójútòfò fún iṣẹ́ àgbẹ̀, NAIC. Kí àgbẹ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ìwé tí òun fẹ́ gbà dárúkọ ẹran igbó, àti iye ọjọ́ tí òun ní láti fi ìròyìn òfò ránṣẹ́. Kí ó tọ́jú rìsíìtì ajílẹ̀ àti ti irúgbìn, kí ó sì kọ owó iṣẹ́ tó san sílẹ̀.

Fún àwọn tí owó adójútòfò wúwo fún, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ya àpò kan sọ́tọ̀ fún òfò oko. Kí ẹni 3 tí kì í ṣe ìbátan olóko yẹ oko wò, kí wọ́n sì fọwọ́ sí iye tí wọ́n kà. Ní tèmi, igi ẹ̀gẹ́ tuntun àti ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan láti tún un gbìn sàn ju owó lọ, nítorí pé owó tètè ń bá ìnáwó ilé lọ.

Ẹ̀gẹ́ tó ti fara gbọgbẹ́ kì í ju ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ kí ó tó bàjẹ́. Bí àwọn tó wá wò ó bá ti gbà wá láyè, kí a yára hú àwọn tó ṣì dára lábẹ́ igi tó ti wó, kí a gé ibi tí eyín kàn dànù, kí a sì fi ìyókù ṣe gààrí lọ́jọ́ náà gan-an.