Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì nípa fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ

Má fi pátákó bẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń da omi pupa sínú ìgò, mílílítà 450 géérégé, màá bi wọ́n pé: "Ta ló rò pé bí ẹ̀jẹ̀ tó tó báyìí bá kúrò lára òun, òun á kú?" Ọwọ́ á pọ̀ lókè. Ìgbà náà ni màá gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 jáde, bí ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ṣe tó nìyẹn. Ara á wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pín ara wọn ní méjì-méjì: ọ̀kan á ṣe olùtọrẹ, èkejì á ṣe nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè ni kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀ jù: ìwọ̀n ara (kílò 50, ó kéré tán), oògùn, àìsàn, ìbálòpọ̀. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín tó bá dé orí ìbálòpọ̀, mo máa ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Olùtọrẹ tí ojú bá tì á purọ́, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò lè má tíì rí kòkòrò HIV tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara.

Bí òòyì bá kọ́ olùtọrẹ, ẹ dá gbígba ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Èmi náà dákú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tọrẹ, n kò jẹun. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé.

Má sì fi máàkì fa ẹnikẹ́ni láti tọrẹ. Ẹni tó bá wù ú ló ń na apá.