Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Onítáyà Mẹ́rin Kú? Ẹ Má Tíì Tú U

Ohun mẹ́ta ló ń gbé ẹ́ńjìnnì dìde: iná, epo àti kọ́mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀. Ẹ wá èyí tó sọnù rí kí ẹ tó tú bóòtù kankan, torí lára ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, bóòtù tó ti dípẹtà máa ń já sínú irin, gásíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá sì ṣí kì í ṣeé lò mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo síwíìsì tí wọ́n fi ń pa á, kí gíà sì wà ní fírì. Tí bátìrì kò bá tó fóòtì 12.4, ẹ ṣáájì rẹ̀ ná.

Ó wá kan pọ́lọ́ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ sitáátì bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ yọ ọ́ wò. Tó bá tutù, tó ń rùn epo, epo ń débẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ni kò sí. Tó bá gbẹ, epo ò wọlé. Tó bá dúdú bí èédú, fílítà afẹ́fẹ́ ti dí tàbí ṣóòkù (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà ìsitáátì) ti há. Tó bá funfun bí ẹfun, ẹ ṣọ́ra gan-an: epo kò tó, ooru lè jẹ písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá fẹ́ dán iná wò, ẹ fi pọ́lọ́ọ̀gì tuntun ti irin ẹ́ńjìnnì, kó jìnnà sí ihò rẹ̀, torí epo inú ibẹ̀ lè gbiná.

Bẹntiróòlù tó pẹ́ nínú táńkì máa ń ki, á sì lẹ̀ mọ́ inú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Jẹ́ẹ̀tì kékeré, ìyẹn irin oníhò tóóró tí epo ń gbà kọjá nínú rẹ̀, ló kọ́kọ́ ń dí. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì míì kì í fi í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá fa ṣóòkù. Ẹ tú síkúrúù ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, kí ẹ gba ohun tó bá jáde sínú ìgò: tí omi bá wà níbẹ̀, á rì sísàlẹ̀ epo, á máa yí bíríbírí bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi oògùn kabúrétọ̀ fọ jẹ́ẹ̀tì, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ títí ojú ihò á fi mọ́ roboto. Ẹ má fi wáyà irin gún un láé. Ihò tó bá ti fẹ̀ kò ní kéré mọ́. Tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó kú, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé ṣìì, ihò èémí rẹ̀ ló dí.

Tí iná àti epo bá pé, ẹ fi géèjì wọn kọ́mpírẹ́ṣọ̀n níhò pọ́lọ́ọ̀gì bí ẹ ṣe ń sitáátì, kí ẹ fa tọ́rótù (ohun tí ẹ fi ń fúnná) dópin. Bí kò bá tó psi 90 (psi ni òṣùwọ̀n ìfúnpá tó wà lára géèjì), ẹ da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan sí ihò pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìngì tó yí písítìn ká ti jẹ. Tí kò bá yí padà, fáàfù, ìyẹn ìdérí tó ń ṣí tó sì ń padé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí èéfín sì jáde, ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. (Àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní ohun tó ń dín kọ́mpírẹ́ṣọ̀n kù nígbà ìsitáátì; ìwé rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.) Ariwo fáàfù ló ń dẹ́rù ba èèyàn, àmọ́ èyí tó fún jù, tí kì í dún rárá, ló burú jù, torí kì í padé dáadáa, á sì jóná. Ẹ wọn àlàfo rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ó máa ń wà láàárín mm 0.05 sí 0.15. Ṣíṣe àtúnṣe ibẹ̀ nìkan ti jí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti pè ní òkú.

Tí ẹ́ńjìnnì bá há, ẹ má fi sítátà fipá mú un. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì tó ń wọ ìpẹtà sí i, kó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sípánà yí nọ́ọ̀tì káráńkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí) síwá-sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ tú ọ́ìlì inú rẹ̀ náà dànù: tó bá funfun bí mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́. Tó bá ń dán nítorí èérún irin, bẹ́árìn ti ń lọ nìyẹn. Ẹ wá lè tú ẹ́ńjìnnì náà.