Bí Ẹ Ṣe Lè Díwọ̀n Agbára Oníwèé Ìròyìn: Ẹ Wo Hearst

Ẹni tó bá ń kọ ìtàn olówó tó ni ìwé ìròyìn, ariwo ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ má tètè ka ariwo sí agbára. William Randolph Hearst ti Amẹ́ríkà dára fún ìdánrawò, torí àsọdùn pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀.

Ibi tí owó ti wá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó fi ìwakùsà là, ló ni San Francisco Examiner kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1887. Owó ìdílé yìí náà ló fi ra New York Journal ní 1895, tó sì ń tà á ní sẹ́ǹtì 1 nígbà tí World, ìwé ìròyìn Joseph Pulitzer tó ń bá a díje, jẹ́ sẹ́ǹtì 2. Ẹni tó bá fo èyí á rò pé dídùn ọ̀rọ̀ nìkan ló kó òǹkàwé wá.

Ẹ wá tẹ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ tirẹ̀ àti ti alátakò rẹ̀ síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ọjọ́ kan náà. Ẹ mú 17 February 1898, ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọjọ́ tí ìròyìn kàn pé Maine, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, bú gbàmù ní èbúté Havana ní Kúbà. Journal ti dájọ́: iṣẹ́ ọ̀tá ni, $50,000 sì wà fún ẹni tó bá tú oníṣẹ́ ibi náà fó. World náà pariwo, àmọ́ àmì ìbéèrè ló fi parí àkọlé tirẹ̀. Irú àmì kékeré bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá.

Wáyà tí wọ́n ní Hearst tẹ̀ sí ayàwòrán Frederic Remington ní Kúbà ló ń gbé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ṣubú: pé kó ṣáà fi àwòrán ránṣẹ́, òun á pèsè ogun. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Akọ̀ròyìn James Creelman ni, ní 1901, Yúróòpù ló sì wà nígbà tí wọ́n ní wáyà náà lọ. Wáyà ọ̀hún dà? Kò sẹ́ni tó rí i, Hearst náà sì sẹ́. Àwọn ará Kúbà ṣáà ti ń bá Sípéènì jà láti 1895. Ogun wo ló tún fẹ́ pèsè?

Lẹ́yìn èyí, ẹ la ìwé sí òpó mẹ́ta: ohun tó ní kí wọ́n ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun mìíràn tó lè fà á. Ìbò ló máa ń tú àṣírí jù. Hearst wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó fìdí rẹmi nínú ìdíje fún ipò olórí ìlú New York ní 1905 àti 1909, àti ti gómìnà ní 1906. Ní 1932 ó ti Franklin Roosevelt lẹ́yìn fún ipò ààrẹ, Roosevelt sì wọlé. Òpó kẹta ni kí ẹ yáa kún, torí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, inú sì ń bí olùdìbò. Ní 1936 àwọn ìwé ìròyìn rẹ̀ kọjú ìjà sí ọkùnrin kan náà, Roosevelt sì mú ìpínlẹ̀ 46 nínú 48.