Ẹ má kàn ní kí wọ́n lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó rán àwọn ọmọ lọ ṣèwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún ìbéèrè yín wò. "Kí ló ń fa omíyalé?" Àdàkọ ni wọ́n máa kó bọ̀. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀ràn tí wọ́n máa dá: "Owó iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ṣé ká gbẹ́ odò jìn sí i ni, àbí ká gbin igi sétí rẹ̀? Kí ni ẹ̀rí yín?" Kò sí ibi tí wọ́n ti lè da ìyẹn kọ.

Bernie Dodge àti Tom March, tó gbé WebQuest (iṣẹ́ ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ ń ṣètò fún ọmọ) kalẹ̀ ní San Diego State University, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1995, fẹ́ kí àkókò ọmọ lọ sórí lílo ìmọ̀, kì í ṣe wíwá a kiri. Torí náà, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣa ojú òpó mẹ́rin tàbí márùn-ún fún wọn. Ẹ ṣí gbogbo wọn wò láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, torí líǹkì tó ṣiṣẹ́ lánàá lè má ṣí mọ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí méjì nínú wọn tako ara wọn. Ibẹ̀ lọmọ kan á ti gbójú sókè, á ní, "Ta ló kọ èyí ná?" Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá gbọ́ ọ.