Wọ́n to mẹ́dà bàbá bàbá mi sódì, mo sì sanwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

£60 ni mo kọ́kọ́ san, mo tún wá fi £35 lé e, gbogbo ẹ̀ lórí mẹ́dà mẹ́rin péré tí ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí tò sódì. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Bàbá bàbá mi wà lára àwọn ṣọ́jà tí wọ́n kó láti Nàìjíríà lọ jagun ní Bọ́mà nígbà ogun Hitler, inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní 82nd West African Division ni wọ́n wà. Inú agolo bisikíìtì ni mẹ́dà wọn wà l'Ábẹ́òkúta láti ọjọ́ yìí, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ ti gbó jákujàku. Mo wá ní kí n gbé e fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n tò ó pọ̀ sójú kan tí píìnì wà lẹ́yìn ẹ̀, kí n lè fi sáyà ní Sọ́ńdè kejì oṣù kọkànlá tí wọ́n fi ń rántí àwọn tó bógun lọ.

Ríbọ́ọ̀nù tuntun ò ṣòro rà. Títò ni wàhálà. Méjì nínú mẹ́rin yẹn jẹ́ ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, àwọ̀ idẹ, méjì tó kù rí róbótó, wọ́n ń dán bíi fàdákà. Arákùnrin ṣọ́ọ̀bù rí ohun tó ń dán, ló bá fi War Medal ṣáájú, ó fi Defence Medal tẹ̀lé e, ó wá kó ìràwọ̀ méjèèjì sẹ́yìn! Dídán kọ́ ni wọ́n fi ń tò ó o. 1939–1945 Star ló ń ṣáájú, ó kan Burma Star, ó kan Defence Medal, kí War Medal tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ní ti ìwà akin, bíi Military Medal, ìyẹn á ṣáájú gbogbo wọn. Lára ẹni tó ni ín, èyí àkọ́kọ́ ló máa wà lápá àárín àyà, àwọn yòókù á máa lọ sápá èjìká òsì.

Kò tún tán síbẹ̀. Ìràwọ̀ méjèèjì jọra bí ìbejì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sáàárín ẹ̀ nìkan lẹ fi máa dá wọn mọ̀, arákùnrin yẹn ò kà á, ó ki ríbọ́ọ̀nù Bọ́mà tó ní pupa fífẹ̀ láàárín bọ 1939–1945 Star. Ríbọ́ọ̀nù 1939–1945 Star gan-an, búlúù dúdú, pupa, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ti ṣọ́jà orí omi, ti ilẹ̀, ti òfúrufú, ó gbé búlúù dúdú ẹ̀ wá sápá èjìká, ibi tó yẹ kó jìnnà sí. Mo pè é, ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èmi mọ̀ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dá a dúró, mo lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní torí mi ò kọ ètò ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, àfi kí n sanwó àtúnṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ètò ẹ̀ síwèé kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀ níwájú lẹ́yìn, torí wọn ò kọ orúkọ bàbá sára mẹ́dà wọ̀nyí, tó bá dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì ó parí. Ọ̀kan nínú ẹnu Burma Star tiwa ti tẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ wá nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Àyà ọ̀tún ni mo fi sí lọ́jọ́ náà, torí èmi kọ́ ni mo jagun. Dáádì pè mí lórí fídíò láti Abẹ́òkúta, wọ́n ní kí n sún fóònù mọ́ ọn, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí kan War Medal, wọ́n ní, "Ó pé."