Bí A Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Gbẹ Iná Bátìrì Ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní Abẹ́òkúta ló jẹ́ pé, bí bátìrì bá ti kọ̀ láti gbé ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta bátìrì ni wọ́n ń gbà lọ tààrà. N kò fara mọ́ ọn. Bí iná bá ń jò nínú ọkọ̀, ẹni tó gbé bátìrì tuntun sí i kàn ń rọ omi sínú agbọ̀n ni. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: bátìrì fúnra rẹ̀ ti gbó, alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́) kò fún un níná tó, tàbí nǹkan kan ń mu iná nígbà tí ọkọ̀ wà ní ìgúnlẹ̀. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó náwó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ di orí wáyà kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ sì gbìyànjú láti yí i; èyí tó bá ń mì kò fún tó. Bí lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti hù sí i, ẹ tú wáyà négétíìfù kọ́kọ́, kí ẹ tó tú pọ́sítíìfù, kí ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà, pọ́sítíìfù ni yóò ṣíwájú. Ẹ má ṣe mu sìgá nítòsí ibẹ̀, nítorí gáàsì tó ń jáde láti inú bátìrì lè gbiná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lo mítà tí àwọn rìwáyà fi ń wọn iná. Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀ rárá, bátìrì tó kún dáadáa yóò fi nǹkan bí 12.6 fólítì hàn, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti tó ìlàjì, bí ó bá sì wá sí ìsàlẹ̀ 12, ó ti fẹ́ gbẹ tán. Bí ó bá kún, ṣùgbọ́n tó já sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí ẹ ń tan ẹ́ńjìnnì, ó ṣeé ṣe kí bátìrì náà ti gbó. Ooru ilẹ̀ wa máa ń dín ọjọ́ ayé bátìrì kù. Bátìrì tó ní ìdérí lórí ni a lè bu omi sí, omi bátìrì tí wọ́n ń tà ní ìgò ni kí ẹ sì lò, kì í ṣe omi kànga tàbí píọ̀ wọ́tà.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Láti 13.8 dé 14.5 ló yẹ kó wà. Bí kò bá tó 13, ẹ wo bẹ́líìtì àti alternator. Bí ó bá kọjá 15, ó ń gbà ju bó ṣe yẹ lọ, omi inú rẹ̀ yóò sì máa gbẹ. Àwọn tó jẹ́ pé láti Ìbàrà dé Kútọ̀ nìkan ni wọ́n ń wa ọkọ̀ lójúmọ́, tí éèsì ń ṣiṣẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lè má fún bátìrì láàyè láti dá ohun tí ó fi tan ẹ́ńjìnnì padà, kódà bí kò bá sí ohun tó bàjẹ́.

Èyí tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù ni iná tó ń jò ní òru. Gílóòbù kékeré inú búùtù lè mu nǹkan bí 0.4 áńpù, ní wákàtí 24, ó ti kó nǹkan bí áńpù-wákàtí mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ bátìrì ọkọ̀ kékeré mìíràn kò ju 45 lọ. Ẹ gbé fóònù tó ń ká fídíò sínú búùtù, kí ẹ pa á dé, kí ẹ wá wò ó bóyá iná náà kú.

Bí kì í bá ṣe ibẹ̀, ẹ tú wáyà négétíìfù, kí ẹ fi mítà sí àárín wáyà náà àti orí bátìrì, lórí 10 áńpù, pẹ̀lú okùn pupa nínú ihò tí wọ́n kọ 10A sí. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ òde òní máa ń pẹ́ kó tó sùn. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀, fíúùsì inú rẹ̀ yóò jó. Ohun tó bá kéré sí 0.05 áńpù kò burú. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà yóò fi lọ sílẹ̀. Rédíò tí wọ́n fi kún ọkọ̀, tráákà àti áláàmù ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bí gbogbo fíúùsì bá jáde láìsí ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ kí rìwáyà yẹ alternator wò, nítorí díódù inú rẹ̀, ohun tó yẹ kó jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, lè ti bàjẹ́, kó máa jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn.

Gbígbé ọkọ̀ sí orí òkè kí ó lè yí sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ wúlò fún ọkọ̀ oní jíà ọwọ́ nìkan. Ti ọ́tò kò ní jí. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rìwáyà, ẹ sọ fíúùsì tó mú nọ́ńbà lọ sílẹ̀ fún un, kí ó tọ wáyà yẹn nìkan, kí ó má bàa máa gé wáyà káàkiri.